Ṣé òótọ́ ni pé ọ̀dọ̀ àwọn Kẹ́ltì ni "káfíńtà" àti "ṣẹ́ńjì" ti wá?

Oníṣẹ́ Igi Àjàrá

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ igi ni mò ń ṣe ní Àjàrá, ní Àgbádárìgì níhìn-ín, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ṣe fírídọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ ọ̀gá mi. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin mi tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa èdè ní yunifásítì wá sílé fún ìsinmi. Ó bá mi ní ṣọ́ọ̀bù níbi tí mo ti ń fi ìfági fá pákó ilẹ̀kùn kan, ó jókòó sórí àpótí, ó sì wí pé: "Bàbá mi, ṣé ẹ mọ̀ pé orúkọ tí gbogbo ayé ń pè yín, káfíńtà, kì í ṣe ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì láti ìbẹ̀rẹ̀? Àwọn ẹ̀yà kan tí wọ́n ń pè ní Kẹ́ltì ló ni ín, ẹni tó bá ń kan kẹ̀kẹ́ ẹṣin ni wọ́n sì ń fi pè." Ó ní "káà" tí à ń gùn, "ṣẹ́ńjì" tí à ń bèèrè lọ́wọ́ kọ̀ńdọ́kítọ̀ àti "ṣáàjì" tí à ń ṣe fún fóònù, ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn kan náà ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀ wá.

N kò bá a jiyàn, nítorí pé ọmọ náà kì í sọ ohun tí kò dá a lójú. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó, tí kò sì kúrò lọ́kàn mi. Ó ní àwọn ará Róòmù ló ṣẹ́gun àwọn Kẹ́ltì wọ̀nyí. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, báwo ni ẹni tó ṣẹ́gun ṣe wá ń yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣẹ́gun? Ohun tí ojú tèmi rí ni pé ẹni tí wọ́n bá ṣẹ́gun ló máa ń kọ́ èdè ọ̀gá. Kí ló tún pa ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn àti òrùlé pọ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́ ẹṣin? Èyí tó sì ká mi lára jù ni pé, níwọ̀n ìgbà tí kò sí ẹni tó wà láyé nígbà náà mọ́, ọ̀nà wo ni àwọn onímọ̀ gbà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wá láti ibì kan, tí kì í ṣe pé wọ́n kàn rí ohun tó jọra tí wọ́n sì so ó pọ̀? Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kí ó là mí lọ́yẹ̀.

Olùkọ́ Tópò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá oníṣẹ́ igi. Ọmọ yín kò ṣìnà rárá, inú mi sì dùn pé ó wá sọ ọ́ fún yín ní ṣọ́ọ̀bù.

Kí àwọn ará Róòmù tó di alágbára, àwọn tó ń sọ oríṣiríṣi èdè Kẹ́ltì ni wọ́n kún inú ilẹ̀ tí à ń pè ní Faransé lónìí, wọ́n wà ní apá kan ilẹ̀ Sípéènì, ní àríwá Ítálì, ní erékùṣù Britain àti ní Írẹ́lándì. Gaul ni àwọn ará Róòmù ń pe ilẹ̀ Faransé nígbà náà. Julius Caesar gbógun tì í láti ọdún 58 títí di ọdún 50 ṣáájú ìbí Jésù, ó sì gbà á. Lẹ́yìn ìgbà náà ni èdè Látìnì ń tẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀ títí tí èdè Gaul fi parẹ́ pátápátá.

Ṣùgbọ́n kí ó tó parẹ́, ó ti sọ àwọn ọ̀rọ̀ kan sínú Látìnì, èyí tó pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́. Ìdáhùn sí ìbéèrè yín nípa aṣẹ́gun wà níbẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn ará Róòmù kò ní kẹ̀kẹ́ tiwọn. Wọ́n ní èyí tí wọ́n ń pè ní currus, tí àwọn asáré-ìje àti ọ̀gágun tó ṣẹ́gun ń gùn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn Kẹ́ltì dán nínú iṣẹ́ náà ju tiwọn lọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ igi ni ọ̀rọ̀ yìí yóò yé jù: bí wọ́n bá ti kan ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà tán pẹ̀lú igi, wọn a rọ òrùka irin kan tí kò ní ojú ìsopọ̀ tí a fi ìṣó kàn, tí fífẹ̀ rẹ̀ dín díẹ̀ sí ti igi náà. Wọn a kó o sínú iná títí tí irin náà yóò fi ràn tí yóò sì fẹ̀, wọn a gbé e wọ igi náà lọ́gán, wọn a sì da omi tútù lé e. Bí irin ṣe ń tutù ni yóò máa sún kì, tí yóò di gbogbo oríkèé igi náà mú pinpin. Irú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ lè ru ẹrù lórí ọ̀nà olókùúta fún ọjọ́ pípẹ́. Ẹni tó bá ra iṣẹ́ lọ́wọ́ oníṣẹ́, orúkọ tí oníṣẹ́ ń pè é náà ni yóò máa pè é. Bí karros ti àwọn ará Gaul ṣe di carrus nínú Látìnì nìyẹn, láti inú rẹ̀ ni carro ti Sípéènì àti Ítálì, char ti Faransé àti "káà" ti Gẹ̀ẹ́sì ti jáde. Onímọ̀ èdè yóò tún fi kún un pé ọmọ ìyá ni currus àti karros jẹ́, nítorí pé láti inú ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan tó túmọ̀ sí "sáré" ni àwọn méjèèjì ti wá.

Kẹ̀kẹ́ mìíràn tún wà tó ní ẹsẹ̀ méjì. Carpentum ni orúkọ rẹ̀ nígbà tó dé ẹnu àwọn ará Róòmù, wọ́n sì ń pe ẹni tó ń kàn án ní carpentarius. Igi ni ẹni náà ń fọwọ́ bà láti òwúrọ̀ di alẹ́, nítorí náà nígbà tó yá orúkọ náà bọ́ lára kẹ̀kẹ́, ó sì di ti ẹnikẹ́ni tó bá ń kan igi, ìbáà ṣe òrùlé, ìbáà ṣe ilẹ̀kùn. Nígbà tí àwọn Normans láti ilẹ̀ Faransé gba England ní ọdún 1066, wọ́n gbé e dé ibẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ní ọ̀rọ̀ tiwọn kí ó tó dé o: treowwyrhta ni wọ́n ń sọ, ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an sì ni "oníṣẹ́ igi", orúkọ tí ẹ fi wọlé síbí yìí. Ó ti kú mọ́ wọn lẹ́nu. Àwa náà ní gbẹ́nàgbẹ́nà, ó sì wà nínú Bíbélì wa, ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀kùn onífèrèsé, férémù àti òrùlé páànù dé pẹ̀lú irinṣẹ́ tuntun, káfíńtà ló bá wọn wọlé. Gbẹ́nàgbẹ́nà wá wà fún ẹni tó ń gbẹ́ ère àti ìlù.

Ẹ tún wo ohun kan tó wà ní ẹnu yín lójoojúmọ́ tí ẹ kò kíyè sí. "Ṣáàjì" wá láti inú carricare, tó túmọ̀ sí láti di ẹrù sínú kẹ̀kẹ́, èyí tó ti inú carrus wá. Ẹrù ni wọ́n kọ́kọ́ ń dì. Lẹ́yìn náà wọ́n ń di ẹ̀tù sínú ìbọn. Lẹ́yìn náà wọ́n ń di iná mànàmáná sínú bátìrì. Nígbà tí ọmọdé bá sọ ní Àgbádárìgì pé òun fẹ́ lọ ṣáàjì fóònù, ẹrù ló ń dì sí kẹ̀kẹ́ àwọn ará Gaul. Kí ló dé tí "káà" àti "káfíńtà" fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú k, tí "ṣáàjì" àti "ṣẹ́ńjì" sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ṣ? Ní agbègbè Paris, ìró k tó wà níwájú a nínú Látìnì ti yí padà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ char àti charpentier. Àwọn ará Normandy kò yí tiwọn padà ní tiwọn. Gẹ̀ẹ́sì gba ti Normandy fún káà àti káfíńtà, ó gba ti àárín ilẹ̀ Faransé fún ṣáàjì àti ṣẹ́ńjì, àwa náà sì gbà wọ́n bí wọ́n ṣe wà. Ìyàtọ̀ ẹnu ìlú méjì nílẹ̀ Faransé ni ẹ ń gbọ́ nínú bọ́ọ̀sì Máìlì Túù.

Ní ti ṣẹ́ńjì, cambiare ni ti Látìnì, òun náà ló di cambiar ní Sípéènì. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ọ̀rọ̀ Gaul tó ní í ṣe pẹ̀lú títẹ̀ àti yíyí ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ní Írẹ́lándì, cam ṣì ni wọ́n ń pe ohun tó bá wọ́.

Ìyá Sẹ̀mẹ̀

Olùkọ́ wa, ẹ kú làákàyè. Ọjà ni mò ń ná ní ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, àwọn ará Kútọnu ni mo sì máa ń bá dúnàádúrà jù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ kan wá láti ibẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ohun tó ya mí lẹ́nu ni bí àwọn olóyìnbó Faransé ṣe ń ka ọgọ́rin. Quatre-vingts ni wọ́n ń sọ, ìyẹn ni "ogún mẹ́rin". Ọgọ́rin tiwa náà, ogún mẹ́rin ni! Ọgọ́ta jẹ́ ogún mẹ́ta, ogójì jẹ́ ogún méjì. Bí wọ́n bá dé àádọ́rùn-ún, wọn a ní ogún mẹ́rin àti mẹ́wàá. Àwa ní tiwa a máa ń yọ mẹ́wàá kúrò nínú ogún márùn-ún. Láti ìgbà yẹn ni kíka owó wọn kò ti nira fún mi mọ́, nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ṣì ń fi bébà ṣírò.

Ọmọ àbúrò mi kan sọ fún mi pé ọ̀dọ̀ àwọn Kẹ́ltì wọ̀nyí ni àwọn Faransé ti kọ́ kíkà bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ òótọ́, ṣé kò wá túmọ̀ sí pé àwa àti àwọn ènìyàn náà ti pàdé rí ní ayé àtijọ́, tàbí pé ọ̀dọ̀ kan náà ni a ti wá? Ọkàn mi fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn tó mọ̀ ọ́n.

Ọmọ Ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́

Ẹ kú ọjà o, Mọ́mì wa. Òótọ́ ni pé àwọn Kẹ́ltì ń ka nǹkan ní ogún-ogún. Ní Wales, apá kan erékùṣù Britain tí wọ́n ti ń sọ èdè Kẹ́ltì títí di òní, ogún ni ugain, ogójì ni deugain, ọgọ́ta ni trigain, ọgọ́rin sì ni pedwar ugain, ogún mẹ́rin gan-an. Ní Paris, ilé ìwòsàn àwọn afọ́jú kan wà tí ọba Louis kẹsàn-án dá sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1260. Quinze-Vingts ni orúkọ rẹ̀, "ogún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún", nítorí pé ọ̀ọ́dúnrún afọ́jú ni wọ́n kọ́ ọ fún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń sọ pé láti ẹnu àwọn ará Gaul ni èyí ti ṣẹ́kù, àwọn onímọ̀ mìíràn kò sì gbà. Wọ́n tọ́ka sí àwọn ará Denmark, tí wọn kì í ṣe Kẹ́ltì, tí ọgọ́rin wọn sì jẹ́ ogún lọ́nà mẹ́rin. Wọ́n tọ́ka sí àwọn Basque tó wà láàárín Sípéènì àti Faransé, tí èdè wọn kò bá ti ẹnikẹ́ni tan ní gbogbo Yúróòpù. Laurogei ni ọgọ́rin wọn, ogún mẹ́rin náà ni.

Mọ́mì, àwa Yorùbá gan-an la jẹ́ ẹ̀rí tó lágbára jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Kò sí ẹni tó wá kọ́ wa ní ogójì láti Gaul. Ìka ọwọ́ mẹ́wàá àti ìka ẹsẹ̀ mẹ́wàá wà lára ènìyàn gbogbo, ẹni tó bá sì kà wọ́n tán ti dé ogún. Nítorí náà, n kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ìbátan ni wá nítorí kíkà nìkan.

Ìbéèrè kẹta tí ọ̀gá oníṣẹ́ igi béèrè ló kàn báyìí. Àwọn onímọ̀ kì í wo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo; ìró tó ń yí padà lọ́nà kan náà nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ni wọ́n máa ń wá. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí ará Ìbàdàn bá pe "ṣòkòtò" ní "sòkòtò", yóò pe "iṣu" ní "isu", yóò sì pe "iṣẹ́" ní "isẹ́". Kò sí ẹni tó kọ́ ọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà tí ahọ́n ìlú náà gbà ń lọ nìyẹn, tí ẹ bá sì gbọ́ méjì, ẹ ó mọ ìkẹta kí ó tó sọ ọ́.

Ti àwọn Kẹ́ltì ni pé ìró p àtijọ́ bọ́ dànù lẹ́nu wọn. Bàbá ni pater nínú Látìnì. Athair ni ní Írẹ́lándì. Iṣẹ́ ẹja ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà ní Ẹ̀pẹ́, nítorí náà ẹja ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ kejì. Piscis ni Látìnì ń pe ẹja, iasc ni àwọn ará Írẹ́lándì ń pè é, p ti lọ. Ẹ wá wo Wales: pysgod ni wọ́n ń pe ẹja níbẹ̀, p sì wà níbẹ̀ gbangba. Ó yẹ kí ó ti bọ́. Ìyẹn ló fi hàn pé wọ́n yá a lọ́wọ́ Látìnì lẹ́yìn tí ìyípadà náà ti kọjá, nígbà tí Róòmù wà lórí ilẹ̀ wọn fún ohun tó ju ọ̀ọ́dúnrún ọdún lọ. Ẹbí èdè kan náà ni Írẹ́lándì àti Wales, ṣùgbọ́n ọ̀kan mú ẹja láti ilé, ìkejì rà á lọ́jà.

Ọ̀nà yìí kan náà ni wọ́n fi mú carpentum. Nínú ìtàn àtijọ́ àwọn ará Írẹ́lándì, carpat (p tí wọ́n kọ níbẹ̀, ìró b ni) ni kẹ̀kẹ́ tí akọni Cú Chulainn ń gùn lọ sójú ogun, Róòmù kò sì jọba ní Írẹ́lándì rí. Ẹnìkan lè ní bóyá wọ́n kàn yá a ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo n tó wà níwájú t: ó wà nínú carpentum, kò sí nínú carpat. Ọgọ́rùn-ún ni centum nínú Látìnì, céad ni ní Írẹ́lándì. N náà ti lọ. Òfin kan náà ló kan àwọn méjèèjì, àfi bí ọ̀rọ̀ náà bá ti wà lẹ́nu wọn látijọ́ ni òfin fi lè kàn án. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i pé ó bára mu báyìí, mo dìde lórí àga.

Alágbẹ̀dẹ Ìkòròdú

Ẹ jẹ́ kí èmi náà fi irin díẹ̀ kún igi àti ẹja. Mo gbọ́ ohun tí olùkọ́ sọ nípa òrùka irin tí wọ́n fi ń ti ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ó sì tọ́ gẹ́lẹ́. Àwa náà mọ̀ pé irin tó gbóná fẹ̀ ju èyí tó tutù lọ. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló tilẹ̀ gbà pé orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì ń pe irin, iron àti Eisen, ọwọ́ àwọn Kẹ́ltì ni wọ́n ti gbà á, nítorí pé àwọn ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n rọ ní agbègbè náà. Iarann ni irin ní Írẹ́lándì, haearn ni ní Wales.

Ṣùgbọ́n agogo ni mo fẹ́ sọ. Ilé wa ni wọ́n ti ń rọ agogo. Irin pẹlẹbẹ méjì ni a máa ń gé, a ó lù wọ́n kí ikùn wọn lè yọ, a ó fi etí wọn ko ara wọn, a ó sì lù wọ́n pọ̀ nínú iná. Nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba Írẹ́lándì tó wà ní Dublin, agogo kan wà tí wọ́n ń pè ní agogo Patrick Mímọ́. Mo rí àwòrán rẹ̀, mo sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Irin pẹlẹbẹ méjì ni òun náà, wọ́n fi ìṣó kàn wọ́n pọ̀ ní etí, wọ́n sì fi idẹ bò ó. Irú agogo ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn àlùfáà Írẹ́lándì ń mì nígbà tí wọ́n kọjá òkun lọ wàásù ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ọ̀kan nínú wọn, Columbanus, dé Gaul ní nǹkan bí ọdún 590, ó sì kọ́ ilé àdúrà títí dé Ítálì. Cloc ni wọ́n ń pe agogo, àwọn tó ń kọ Látìnì sì sọ ọ́ di clocca. Níbi tí agogo dé ni orúkọ náà dé: Glocke ní Jámánì, cloche ní Faransé, clock ní Gẹ̀ẹ́sì.

Clock ti Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe agogo tí à ń lù mọ́, aago tí à ń wò ni. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ tó ń ka wákàtí sórí ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, agogo ló ń lù fún gbogbo ìlú láti fi mọ àkókò, nítorí náà orúkọ agogo mọ́ ẹ̀rọ náà lára. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni àwa náà ṣe? "Agogo mẹ́rin ti lù" ni a máa ń sọ, èyí tó wà lọ́wọ́ wa tí kò lè dún rárá sì ń jẹ́ aago. Ọ̀nà kan náà ni ọkàn àwọn ènìyàn méjèèjì gbà, wọn kò sì kọ́ ọ lọ́wọ́ ara wọn, bí Ọmọ Ẹlẹ́ja ṣe wí nípa ogún. Ẹ̀yin ará Àgbádárìgì, tí àwọn oníwàásù kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ sí ìlú yín ní ọdún 1842, ẹ ó mọ bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì ṣe lè di aago fún ẹni tí kò tilẹ̀ wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì náà.

Kí n tó lọ, ẹ má ṣe fi àmì ohùn ṣeré o: àgógó ẹyẹ yàtọ̀ sí agogo. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Gaul ni orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ń pe àgógó ẹyẹ, beak àti bec, náà ti wá. Suetonius, òǹkọ̀wé Róòmù, sọ ọ́ pé ọ̀gágun kan tí wọ́n bí ní Toulouse ń jẹ́ Becco nígbà èwe rẹ̀, ó sì túmọ̀ rẹ̀ pé àgógó àkùkọ ni. Ìgbà mìíràn, ẹ̀rí ọ̀rọ̀ kò nílò òfin ìró. Ẹnìkan tó gbọ́ ọ nígbà ayé rẹ̀ ló kàn kọ ọ́ sílẹ̀.

Oníṣẹ́ Igi Àjàrá

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará mi. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí etígbọ̀ọ́ àwọn ọmọṣẹ́ mi méjì ní ṣọ́ọ̀bù lówùúrọ̀ òní, mo sì tún èyí tó jẹ mọ́ òrùka irin kà lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ n tó bọ́ kúrò nínú carpat ló jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀, nítorí ohun tí mo ń bẹ̀rù ni pé kí ó má jẹ́ ìjọra lásán.

Nígbà tí mo ń kà á ni ohun kan sọ sí mi lọ́kàn. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, kí Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ ẹ, kì í ṣe ilẹ̀kùn nìkan ló ń kàn. Bí ọjà Àgbálátà bá ku ọ̀la, àwọn alárù a máa gbé ọmọlanke wọn wá sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ fún àtúnṣe. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń kan ọ̀pá tó so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, kí ọmọlanke má baà fì sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹrù bá wúwo. Mẹ́ta ni mo ti kàn pẹ̀lú ọwọ́ ara mi kí n tó ṣe fírídọ́ọ̀mù, ọ̀kan nínú wọn ṣì wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù níbi tí mo ń to àbọ̀ pákó sí. Mo pe ọmọ mi lórí fóònù, mo sì sọ fún un pé kí ó wá wò ó bí ó bá tún dé.